Ọ̀nà Kokatahi lórí Ìdérí Pósí

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ní Greymouth ni. Noeline, ìyàwó mi, ní òun ò gba oògùn mìíràn mọ́, pé èyí tí òun ti gbà tó gẹ́ẹ́, kò ṣe nǹkan kan ju pé ó mú orí òun pá lọ. Dókítà wò mí bí ẹni pé kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí obìnrin yìí fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́nà Kokatahi, kò sì sí ọmọ tó fi ẹ̀bẹ̀ yí i lọ́kàn padà rí.

Òun náà ló wakọ̀ wálé. Kì í jẹ́ kí n wà á bí òun bá wà níbẹ̀. Nígbà tí a kọjá afárá, ó ní, "Lindsay, o ti kan pósí fún gbogbo Hokitika. Ó yá, kan tèmi."

Mo ní, "Wo iwájú ẹ jàre."

"Mo ń wò ó. Kan tèmi, kó o sì tètè kàn án. Mo fẹ́ dùbúlẹ̀ sínú ẹ láàyè bí Bevan ṣe dùbúlẹ̀ sínú tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí gbogbo ẹgbẹ́ akànpósí wa tò yí mi ká, kí wọ́n bú mi, kí wọ́n yìn mí, kí n sì dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Kí n má rí i pé nígbà tí mo bá kú tán lẹ máa tó máa parọ́ lé mi lórí."

Mo ń wo ohun tó ń nu omi lára gíláàsì mọ́tò, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí a délé mo wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ, mo jókòó síbẹ̀ láìtan iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹfà

Òjò dá díẹ̀. A rí yìnyín lórí àwọn òkè; oṣù òtútù ni oṣù kẹfà níbí. Mo kó àwọn pákó rímù jáde láti ẹ̀yìn ilé, àwọn tí a tú nílẹ̀ ilé bàbá Noeline nígbà tí wọ́n wó o. Ó ní nínú ìyẹn ni kí n ti kàn án, pé orí pákó yẹn ni òun ti kọ́ ìrìn. Mo fi gbogbo ọ̀sán fa ìṣó. Ìṣó àtijọ́ burú, á ṣẹ́ sínú igi, orí ẹ á lọ, ara ẹ á kù síbẹ̀, tí abẹ ẹ̀rọ bá sì bá a pàdé, ó parí nìyẹn. Abẹ kan ṣoṣo ti wọ́n ju ìrọ̀lẹ́ kan ní ilé ọtí lọ báyìí.

Mo ra epo díẹ̀ sí etí pákó kan láti wo àwọ̀ rẹ̀. Ó pọ́n, ó dán. Pákó tó dára ni, bí kò bá ṣe ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà

Ọjọ́ ẹgbẹ́, níbi tí oníkálukú ti ń kan pósí ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè. Mo gbé ráútà lọ, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ kòtò sínú igi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Mo ra èyí tó lágbára jù nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ó wúwo, ó ní ọwọ́ méjì tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí abẹ lè wọ inú igi tààrà láti òkè, bí èèyàn bá sì tàn án láìdì í mú dáadáa, á yí ọwọ́ onítọ̀hún dànù. Bí mo bá tàn án nílé, iná kíṣìnnì á ṣe bàìbàì. Orogún ni Noeline ń pè é. "Orogún mi ti ń ké," ni ó máa ń wí, "lọ bá a."

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ fẹ́ gbẹ́ ihò ọwọ́ sí ara pósí tirẹ̀. Ó ti abẹ wọnú ihò rẹ̀ lára ẹ̀rọ títí ó fi kanlẹ̀, ó wá dì í.

Mo ní, "Rárá o. Bí ìdí abẹ bá ti kan ìsàlẹ̀ ihò, kò ní dì dáadáa. Fà á sókè díẹ̀ kó o tó dì í. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bó o ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ni á máa yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, o ò ní mọ̀, títí tó fi máa lu pákó já."

Bevan tó ń mu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní, "Gbọ́ ti ẹ̀ o, ìyá. Ó ti wàásù yìí fún mi, ó wàásù ẹ̀ fún ajá mi náà."

Ẹyẹ weka kan wọlé níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín, ó gbé sípánà mi, ó sì sá bọ́ sínú igbó. A lé e títí. Bevan ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀. A rí sípánà náà lábẹ́ igi, ẹyẹ náà dúró tì í bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Ìyá Huia pè mí sí kọ̀rọ̀ kí a tó túká. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbogbo wa la sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ pé iṣẹ́ pósí ti kan ilé tiyín."

"Ó ti kàn wá, mà."

"Ṣé wàá lè fi ọwọ́ ara rẹ kàn án? Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ bó o bá ní o ò lè ṣe é."

"Ta ni ẹ fẹ́ kó bá mi kàn án, mà?"

Ó wò mí títí, ó kàn gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe gbá mi yẹn.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹfà

Mo ti gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí, ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀. Mi ò tíì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọ̀rinrin ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ fún gúlúù. Noeline béèrè ibi tí mo dé, mo sọ fún un pé ọ̀rinrin ni. Ó ní, "Hokitika la wà, Lindsay. Ìgbà wo ni kì í sí ọ̀rinrin?"

Ó jẹ ọbẹ̀ àgùntàn lónìí, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì àwo. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Mo fi sánpépà ra pákó. Òjò.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹfà

Sánpépà. Òtútù mú débi pé omi dì nínú garawa. Rochelle, ọmọ wa obìnrin, pè láti Perth lókè òkun, ó ń sunkún, ó ní kí n fipá mú ìyá òun kó gba oògùn. Mo ní kó wá fipá mú un fúnra rẹ̀. Ó dùn mí lẹ́yìn tí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, mo sì pè é padà láti tọrọ gáfárà.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Bevan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láìkànkùn. Ó gbé pákó ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi àtàǹpàkò wọn bó ṣe nípọn tó, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èkejì.

Ó ní, "Tèmi, ọ̀sẹ̀ kan lo fi kàn án. Ìyàwó mi ń kó kúbùsù pamọ́ sínú ẹ báyìí. Èyí, ó ti tó oṣù kan."

"Iṣẹ́ tó dáa ni mo ń ṣe."

"Lindsay, ẹran ni mo fi gbogbo ayé mi pa. Mo mọ ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ torí pé ọ̀bẹ kú. Mo sì mọ ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ torí pé kò fẹ́ dú ẹran."

Mo ní kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jáde. Ó fi páì ẹran tó gbé wá sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣì gbóná, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù keje

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Noeline rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọ̀pá rìn, ó wọ kóòtù mi lé aṣọ alẹ́, ó ti rù débi pé kóòtù náà kàn ń fì lára rẹ̀. Mo ń fi ẹ̀rọ sánpépà ra pákó lọ́wọ́. Mi ò gbọ́ ìgbà tó wọlé nítorí ohun tí mo fi bo etí. Àfi bó ṣe gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

Ó fi ọwọ́ pa ojú pákó náà lọ títí dé òpin. Ó ní, "Ó ti ń fẹ́lẹ́."

Mo ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo mọ ìyókù ẹ̀. Má pòwe fún mi. Kí lò ń ṣe?"

Mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rinrin. Ẹnu mi kò gbà á. Mo jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, mo ní, "Tí mo bá parí ẹ, kí ló kù?"

Ó jókòó tì mí, ó gbà á ní àkókò kó tó lè jókòó. Ó ní, "Ikú ò mọ̀ bóyá o ti kan pósí tán tàbí o ò tíì kàn án tán. Kò ní wá yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo mọ̀. Èmi ni mò ń ka ọjọ́ tí mo ṣì lè sọ̀rọ̀ kó já geere. Ohun tó ń rẹ́ dànù níbí yìí, kì í ṣe pákó, ọkọ mi. Ọjọ́ mi ni."

Mo sunkún. Ọkùnrin àgbà, ojú mi kún fún lẹ́búlẹ́bú igi, mo sunkún bí ọmọ tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lọ. Kò sunkún ní tirẹ̀. Ó fi etí kóòtù nu ojú mi, ó ní kóòtù náà dọ̀tí, kí n fọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 9 oṣù keje

Mo ti lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó dúró ṣánṣán, igun rẹ̀ kò yẹ̀. Ó ku ìdérí.

Noeline kò fẹ́ òdòdó, kò fẹ́ àgbélébùú. Ọ̀nà Kokatahi ló fẹ́ kí n gbẹ́ sójú ìdérí, gbogbo kọ́lọkọ̀lọ rẹ̀ láti ìlú dé ìpẹ̀kun, pẹ̀lú ihò kékeré ní ibi gbogbo tó ti máa ń dúró gbé ọmọ. Ó yà á sórí páálí lórí ibùsùn, kò wo àwòrán ilẹ̀ kankan. Ó ń dárúkọ àwọn ọmọ bó ṣe ń yà á. "Níbí, àwọn ìbejì tó máa ń bì. Níbí, èyí tó gbé ọmọ àgùntàn wọ bọ́ọ̀sì mi." Mo gé ọ̀nà tó yà náà sára pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kí ráútà lè máa fi ẹ̀gbẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Oòrùn! Mo gbẹ́ ọ̀nà náà dé ìdajì. Tí a bá di ráútà mú dáadáa, tí a tì í sí ibi tó yẹ kí a tì í sí, á máa lọ nírọ̀rùn, igi á máa fò jáde bí ìyẹ̀fun pupa, òórùn rímù á gba gbogbo ilé. Mo ti gbàgbé pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Noeline ní òun ń wo iná kíṣìnnì láti orí ibùsùn, pé bó bá ti ṣe bàìbàì, òun á mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ti gbéra.

Ó sùn púpọ̀ lọ́sàn-án. Bó ṣe jí, ó béèrè ibi tí mo dé. Mo ní mo ti dé oko àwọn ìbejì. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù keje

Mo ti bà á jẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí n parí. Mo yí abẹ padà sí tuntun láàárọ̀ nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti kú. Mò ń kánjú. Noeline kò jẹun láti àná, mo fẹ́ fi ìdérí tó ti parí hàn án kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti abẹ wọlé, mo dì í. Mi ò fà á sókè. Èmi tí mo wàásù rẹ̀ fún ajá Bevan.

Ó ń yọ́ wálẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, mi ò mọ̀. Nígbà tí mo dé ibi afárá, mo rí ìmọ́lẹ̀ nínú kòtò tí mò ń gbẹ́. Ó ti lu pákó já. Ihò náà gùn tó ìka mi, mo sì rí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láti inú rẹ̀. Kò sí pákó rímù tó tó ìdérí mọ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo sì dúró síbẹ̀ títí òtútù fi mú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù keje

Mo gbé ìdérí lọ bá a nínú yàrá. Mi ò lè fi pamọ́ fún un. Ó ti ìka bọ inú ihò náà, ó sì yọ ọ́ sí mi ní ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Afárá ti lọ nìyẹn. Ṣebí bó ṣe máa ń lọ náà nìyẹn tí odò bá kún."

"Má ṣe yẹ̀yẹ́."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Lindsay. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màá ráyè yọjú wo ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Pe ẹgbẹ́, kí wọ́n wá lọ́la, ọ̀la ni Ọjọ́rú."

Mo ní rárá. Mo ní mi ò lè jẹ́ kí ìyàwó mi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìdérí tó jò. Mo ní mo máa gé rímù wẹ́wẹ́ dí i, gúlúù á gbẹ, kò ní ju Ọjọ́ Ẹtì lọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibi tó wà.

"Ta ló ń wá a?"

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni."

Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní, "Ṣe é, kó o ṣáà sinmi."

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù keje

Rochelle ti dé. Nọ́ọ̀sì wá, ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tí á máa fa oògùn ìrora sí i lára. Ó ní á máa sùn jù báyìí, kí a má fòyà. Ohun tí mo fi dí ihò náà jókòó dáadáa. Mo ti fi irin dì í mú. Kí n má tú u títí ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù keje

Ó gbẹ. Mo gbẹ́ afárá náà lẹ́ẹ̀kejì, mo fa abẹ sókè kí n tó dì í. Mo fi epo ra gbogbo ìdérí. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Mo fi hàn án. Ó la ojú, ó ní, "Ó dáa," ó sì sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù keje

Àwọn ẹgbẹ́ wá sílé wa nítorí Noeline kò lè lọ sọ́dọ̀ wọn mọ́. Òjò tún bẹ̀rẹ̀. A gbé pósí náà sí pálọ̀, orí àga gbọọrọ méjì, a tẹ́ kúbùsù sí i, èmi àti Bevan àti Rochelle gbé Noeline wọ inú rẹ̀. Kò wúwo rárá. Rochelle kò fẹ́ wò ó ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ní, "Ó gbà mí ju bọ́ọ̀sì lọ," òun náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Huia gbàdúrà ní èdè Māori, èdè ìbílẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Lindsay, ó tètè ń rẹ ìyàwó ẹ. Bóyá kó o kọ́kọ́ sọ tìẹ."

Ọkọ ló máa ń sọ kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ wa, tàbí aya. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Kí àwọn àlejò kọ́kọ́ sọ."

Bevan bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Noeline, ìkà ni ẹ́. O sọ ọmọ mi kalẹ̀ nínú òjò torí pé ó ju èso lù ẹ́."

Noeline ní, "Nítorí pé kò bà mí ni. Ó yẹ kó o kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan."

"Ọmọ yẹn ló ń wa bọ́ọ̀sì ọ̀hún báyìí. Ó ní ìwọ ni òun fi ń ṣe àwòkọ́ṣe."

Noeline yí ojú sí i. Ó ní, "Kó máa ṣọ́ afárá." Bevan bọ́ sẹ́yìn, ó ń fun imú.

Ìyá Huia sọ tirẹ̀, ó pè é ní olórí kunkun, ó ní bí kì í bá ṣe olórí kunkun ni, ọmọ púpọ̀ ì bá má dé ilé-ìwé ní ọjọ́ òjò. Noeline ní, "Ẹni bíni làá jọ, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Rochelle kúnlẹ̀ tì í, ó sọ ohun tó sọ sí i létí, mi ò gbọ́ ọ. Mo rí i tí Noeline dá a lóhùn, ètè rẹ̀ mì, Rochelle sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá kan èmi. Mo dìde, mo di etí pósí náà mú. Ó ti sùn.

A dúró dè é. Rochelle pè é, "Mọ́mì." Kò mira. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní oògùn ni, pé bóyá kò ní jí mọ́ lónìí. Ìyá Huia ní, "Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń bá ẹni tó ti lọ pàápàá sọ̀rọ̀, kí a má tíì sọ ti ẹni tó ṣì ń mí."

Mo kọ́kọ́ bú u, bí a ti ń ṣe. Mo ní, "Noeline, o ò jẹ́ kí n wakọ̀ rí láyé mi." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó sì dákẹ́. Mo wá ní, "Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ni mo fi máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ayé mi dáa nítorí tìẹ. O ní kí n fi ihò yẹn sílẹ̀, mi ò gbọ́. Má bínú sí mi."

Mo dúró. Àsìkò tó yẹ kó dáhùn nìyẹn. Òjò ń lù lórí páànù, ó ń mí, ó ń mí, kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Huia ní, "Ó gbọ́."

Mo ní, "Mo mọ̀ pé ó gbọ́, mà. Ìdáhùn ni mò ń fẹ́."

Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ ló dá lóhùn. Èmi nìkan ni kò dá lóhùn.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù keje

Noeline kú láàárọ̀ yìí. Kò jí láti Àbámẹ́ta. Rochelle béèrè bóyá ó ku ohun tí mo fẹ́ ṣe sí pósí náà kí àwọn tó fẹ́ gbé e tó dé. Mo ní kò sí. Ó ti parí.